Ìlà Kékeré Tó Wà Lára Ìbọn Nana

Imú ni mo kọ́kọ́ máa ń fi wo ìbọn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá gbé ìbọn àtijọ́ wá bá mi, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà lò títí wọn ò fi lò ó mọ́ tí ìjọba wá kó o tà, mo máa ń gbóòórùn igi ìdí rẹ̀ kí n tó yẹ irin rẹ̀ wò. Òróró tí àwọn ṣọ́jà fi ń pa igi ní òórùn tirẹ̀, kì í sì í kúrò bọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ fáńíìṣì ni mo gbóòórùn rẹ̀, mo ti mọ̀ pé káfíńtà kan ti fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Kumasi níbí nìyẹn: kí n sọ bóyá ìbọn ṣì rí bó ṣe kúrò lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà, àbí ẹnì kan ti tú ìbọn mẹ́ta palẹ̀ fi to ọ̀kan. Àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ máa ń wá láti Accra, àwọn òyìnbó náà ń wá, èmi obìnrin Yorùbá ará Aboabo yìí ni wọ́n sì ń béèrè. Mo mọ iṣẹ́ yìí, wallahi, mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ìgbà kan wà tí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, tí mi ò tíì mọ̀ ọ́n.

Suame Magazine, àdúgbò àwọn tó ń tún mọ́tò àti irin ṣe ní Kumasi, ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí wọ́n bí sí Ghana bíi tèmi, tó ti bá àwọn ṣọ́jà tún ìbọn ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ní Magazine, ẹni tó bá lè sọ ògbólógbòó di tuntun ni ọ̀gá. Èmi náà rò pé bẹ́ẹ̀ ni tiwa rí. Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo fi sáńpépà ha igi ìbọn kan títí tó fi ń dán gbinrin, mo wá gbé e lọ bá ọ̀gá, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gá káwọ́ lérí. Gbogbo òǹtẹ̀ kéékèèké tí àwọn tó ṣe ìbọn náà lù sára igi ni mo ti ha dànù pátápátá. Ó gba sáńpépà náà lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, ojú nìkan ni mo ń lò, mi ò ha nǹkan kan mọ́. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ta, ẹnu mi ti gùn ju ọwọ́ mi lọ. Mo máa ń sọ fún àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé kí wọ́n di mí lójú, màá ṣì sọ ìbọn tó jẹ́ ojúlówó.

Àsìkò yẹn ni ọ̀rọ̀ Nana ṣẹlẹ̀. Nana ni gbogbo wa ń pe bàbá arúgbó kan ní àdúgbò Krofrom tó ń tọ́jú ohun ìní ẹbí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ìbọn kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣe ṣọ́jà rà lọ́wọ́ ìjọba, pẹ̀lú ìwé. Wọ́n ti dí ẹnu rẹ̀ pa kí wọ́n tó tà á, kò ṣeé yìn mọ́, àmọ́ òun ni ògo ilé náà. Ẹbí fẹ́ gbé e fún ilé kan tí wọ́n ti ń ṣàfihàn ohun àtijọ́. Ni ọmọkùnrin tí àbúrò Nana obìnrin bí, ẹni tó máa jókòó sáyè rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, bá ti Accra dé. Ó fi ìwé wé ìbọn. Nọ́ńbà ara ìbọn bá ìwé mu, ṣùgbọ́n ti irin tí wọ́n ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé kò bá a mu. Ló bá ní Nana ti yọ irin ìbọn ẹbí tà, ó ti fi ti ìbọn mìíràn sí i. Ẹbí ní tó bá jẹ́ òótọ́, Nana máa fi ipò sílẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ló bá rán mi.

Gbogbo wọn ti jókòó sí àgbàlá nígbà tí mo dé. Mo gbóòórùn igi, ó pé. Mo wo àwọn ìdè rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tú wọn rí. Mo wá wo irin àfàsẹ́yìn, mo rí nọ́ńbà tó yàtọ̀, ìlà tín-ín-rín kan sì gba orí rẹ̀ kọjá. Mo ní nǹkan ló ha á. Mo dìde, mo fi Twi, èdè wọn, sọ ọ́ ketekete, débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì gbọ́: "Irin yìí kì í ṣe ti ìbọn yìí!" Ará Accra pàtẹ́wọ́.

Nana ní, "Ọmọ mi, ṣé o wò ó tán?"

Mo ní, "Mo wò ó tán, Nana." Háà, ẹnu mi yìí!

Mo padà lọ ròyìn fún ọ̀gá, mò ń yan fanda. Ó béèrè pé, "Ìlà wà lórí nọ́ńbà yẹn?"

"Ó wà, ọ̀gá. Nǹkan ló ha á."

"Nǹkan ha á láti òpin dé òpin, ó sì tọ́ gbọọrọ?"

Mo wá rántí pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó ní, "Tí irin ìbọn kan bá bàjẹ́, àwa ṣọ́jà máa ń fi ti òmíràn sí i. A ó fa ìlà lé nọ́ńbà àtijọ́, a ó lu ti ìbọn tó ń bọ̀ wá sí sábẹ́ rẹ̀, a ó wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ọ̀dà sì lè dí tuntun náà bí a kò bá lù ú jìn. Èmi fúnra mi ṣe irú rẹ̀ tí mi ò lè kà." Mo rí ọ̀dà dúdú yẹn, mo pè é ní ìdọ̀tí.

Nígbà tí mo kírun àsùbáà tán lọ́jọ́ kejì, Krofrom ni mo gbà lọ, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti dígí tó ń mú nǹkan tóbi. Nana fúnra rẹ̀ gbé ìbọn náà wá. Mo tan iná sí irin náà láti ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lábẹ́ ọ̀dà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ìwé gan-an ni. Mo kúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Mo ní, "Nana, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín. Ìbọn yín ni, gbogbo rẹ̀ pátá."

Mo rò pé ó parí. Ó ní, "Níbo lo ti sọ ti àkọ́kọ́?"

"Nínú àgbàlá, Nana."

"Lójú ta ni?"

"Lójú gbogbo ẹbí."

"Ibẹ̀ ni kó o ti lọ tún un sọ."

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n tún máa pé jọ. Mo ro ó pé tí mo bá jẹ́wọ́, ta ló tún máa gbé ìbọn wá fún mi? Mo bẹ ọ̀gá pé kó bá mi lọ sọ ọ́. Ó ní ẹnu òun kọ́ ló sọ ti àkọ́kọ́. Ni mo bá lọ. Bí mo ṣe pariwo lọ́jọ́ kìíní ni mo ṣe pariwo lọ́jọ́ náà, Twi náà sì ni: "Mo wò ó, mi ò wò ó tán. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Nana ò yọ nǹkan kan." Mo gbé tọ́ọ̀ṣì fún ará Accra pé kó wá kà á sókè fúnra rẹ̀. Ó kà á. Nígbà tó dé ìdajì, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó bọ́ bàtà, ó sọ aṣọ kúrò léjìká, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà níbẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lójú gbogbo wa. Nana ní kí n gbé ìbọn náà padà sí yàrá tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, yàrá tí àlejò kì í wọ̀. Orí mi wú.

Nana ti di olóògbé báyìí. Ọmọ àbúrò rẹ̀ yẹn ló wà nípò rẹ̀, òun ló sì ń darí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kó ìbọn jọ sí ọ̀dọ̀ mi. Ọkùnrin kan bi í níṣojú mi lọ́dún tó kọjá pé kí ló dé tó fi jẹ́ obìnrin yìí, nígbà tí àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ irin kún Magazine. Ó ní, "Ó ti ṣe àṣìṣe lójú wa rí, òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún wa." Mo ti dá ìbọn mọ̀ fún àwọn èèyàn ńláńlá, wọ́n sì ti yìn mí lóríṣiríṣi. Kò sí èyí tí mo fi ń yangàn tó ọ̀rọ̀ yẹn.