Ọgbọ̀n Nínú Ọgọ́rùn-ún: Ìrìn Àjò Mi Láti Peckham Lọ Sí Pápá Bésíbọ́ọ̀lù

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán ni mo jáde nílé Àǹtí Sìdí ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, báàgì òfìfo kan lọ́wọ́ mi. Aago mẹ́wàá Sátidé yẹn ni eré, ṣùgbọ́n àníyàn kò jẹ́ kí n sùn. Iṣẹ́ tí Àǹtí rán mi ni pé kí n sọ fún olùkọ́ bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, pé Múrí, ọmọ wọn, ò ṣe mọ́, kí n sì kó aṣọ eré rẹ̀ wálé.

Èmi ni mo fà á. Àǹtí rí ìwé ẹgbẹ́ eré náà nínú yàrá Múrí. Wọ́n ní, “Ìwọ lo gboyè, kà á fún mi.” Mo rí .300 níwájú orúkọ rẹ̀. Ní yunifásítì wa nílé, ogójì nínú ọgọ́rùn-ún la fi ń yege. Mo ní, “Ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà, Àǹtí. Ó féèlì.” Wọ́n sì ti búra pé bó bá féèlì, iṣẹ́ ni yóò máa lọ ṣe ní gbogbo Sátidé.

Pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì márùndínlọ́gọ́rin ni owó bọ́ọ̀sì. Káàdì la ń fi kan ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó ń pariwo “wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ”. Mo wọ òmíràn ní Catford, wọn ò gbowó lọ́wọ́ mi torí wákàtí kan ò tíì pé tí mo ti san ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fẹsẹ̀ rìn nínú koríko tútù títí bàtà mi fi rin.

Nígbà tí mo jíṣẹ́ pé Múrí féèlì, kò sì ní ṣe mọ́, olùkọ́ wọn, àgbàlagbà ará Kúbà kan, wò mí bí ẹni tó bú ìyá rẹ̀.

“Ta ló féèlì?”

Ó ní bí Múrí bá dúró gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń gbá a tó sì ń dé ibùdó kìn-ín-ní kí wọ́n tó lé e jáde. Ohun tí .300 jẹ́ nìyẹn.

“Méje tó kù ńkọ́?”

“Ẹni tó ń gbá .250, a ò ní bú u. Ẹni tó bá gbá .300, a kì í jẹ́ kó lọ. Òun ló mọ̀ ọ́n gbá jù níbí. Ìwọ náà, mú igi!”

Bọ́ọ̀lù mẹ́wàá ló jù sí mi. Kí n tó gbé igi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti kọjá.

Múrí ti dé, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bro, òdo! Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa tún ìdánwò kọ o!”

Nílé, ẹni tó gba ọgbọ̀n á fi ìwé pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Níbí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni Múrí gbá, wọ́n sì tún pàtẹ́wọ́. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Mo ti pe ènìyàn ní aláìyege láìbéèrè ohun tí wọ́n ń kà.

Àǹtí ṣílẹ̀kùn, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn. “Aṣọ dà?”

Mo na báàgì sí wọn, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

“Ìwọ tó gboyè!”

Wọ́n fa aṣọ náà jáde, ẹrẹ̀ ti bò ó. Wọ́n bomi sínú bàsíà, wọ́n da ọṣẹ sí i.

“Múrí, wá bọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn náà. Kó lè gbẹ kí Sátidé mìíràn tó dé.”