Gbòǹgbò Patanmọ́ Tí Mo Fi Sílẹ̀

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ́ wọ ilé Ìyá Ìní, nínú ẹ́sítéètì kan nítòsí Ajah, mo sì bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó sórí koríko. Mo rò pé ara ọmọ náà kò yá ni. Mo bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí kò lọ sílé-ìwé. Ó ní ilé yẹn náà ni ilé-ìwé, òun sì ni tíṣà. Èmi tí n kò fẹsẹ̀ tẹ ilé-ìwé rí, kí ni n ó fi bá a jiyàn? Àmọ́ mo ń fi ojú kan wò wọ́n, mo ń fi èkejì ro ilẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Ọgbà ni mò ń bá wọn ro, láti Jákàńdè tí mò ń gbé títí dé Ajah. Oko ẹ̀gẹ́ ìyá mi lẹ́yìn Eleko ni mo ti kọ́ ọ. Ìyá mi ní ẹni tó bá bẹ́ koríko lórí, tó fi gbòǹgbò sílẹ̀, ọ̀lẹ ni. Òjò kan péré ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Fífà ni kí a fà á, kí ilẹ̀ dá a sílẹ̀ pátápátá.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ìní máa ń gbé ìwé kan jáde, pẹ̀lú ife omi àti àpótí kékeré tí ọ̀dà gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Yóò ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, yóò fi ra ọ̀dà, yóò wá ya ewé kan tàbí èèrà kan. Ohun tó bá fojú ara rẹ̀ rí nìkan ni ìyá rẹ̀ gbà kó yà, kì í ṣe ti inú fóònù. Mo bi Ìní pé ta ni yóò rà á.

“A kì í tà á, Màmá,” ó ní. “A ń yà á ká lè rí i dáadáa ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ló kù láti rí lára koríko tí mo ti ń wò láti kékeré?

Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ ní kí n ro ẹ̀gbẹ́ ògiri. Patanmọ́ kan wà níbẹ̀, ewé ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń pa ara rẹ̀ dé bí a bá fọwọ́ kàn án. Mo ro ti ẹsẹ̀ ọmọ tó ń rìn láìwọ bàtà, mo dojú kọ ọ́. Ẹ̀gún rẹ̀ gún mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi, mo fi ọkọ́ bẹ́ ẹ lórí, mo fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo wá sọ fún Ìyá Ìní pé mo ti hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Àṣé patanmọ́ yẹn ni Ìní ti ń yà látìgbà tó ti ní ewé méjì. Ojú ìwé kan ló kù, ti òdòdó, òdòdó náà sì ti fẹ́ là. Ọmọ náà dé ibẹ̀, kò pariwo. Omijé rẹ̀ ló kán sórí ìwé, ewé tó ti yà sì ń ṣàn. Mo ní n ó wá òmíràn fún un, ó pọ̀ ní ilẹ̀ òfìfo.

“Kì í ṣe òun, Màmá.”

Ìyá rẹ̀ pẹ̀tù sí i títí, kò gbọ́. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà lábẹ́ yẹ̀pẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti di ọ̀lẹ, mo ti di òpùrọ́, ẹnu irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ sì ni mo fi ń rí iṣẹ́. Mo tún wo ewé tó ń ṣàn lójú ìwé náà, mo sì kọjú sí ìyá rẹ̀.

“Ìyá Ìní, ẹ má bínú,” mo ní. “Irọ́ ni mo pa. Mo kàn bẹ́ ẹ lórí ni. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.”

Kí obìnrin náà tó fèsì, Ìní ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ìka wa yẹ̀pẹ̀. Ó rí kùkùté náà, bí ìdí ọwọ̀ tó ṣẹ́.

“Kí ẹnikẹ́ni má tún ro ibí o,” ó ní.

“Èmi náà ńkọ́?”

“Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí, Màmá.”

Ìyá rẹ̀ kò lè mú ẹ̀rín mọ́ra. Ó ní kí n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí n máa sọ òótọ́.

Kùkùté yẹn ni Ìní yà lọ́jọ́ náà. Òjò rọ̀. Bí mo bá ti wọlé, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń yà sí, kí n tó gbé ọkọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó hù, ó yọ ewé, ó pẹ́ kó tó yọ òdòdó rìbìtì, bí òwú tí wọ́n fi osùn pa díẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìrísí òdòdó náà dùn tó bẹ́ẹ̀. Kò sí àwọ̀ yẹn nínú àpótí. Pupa ni Ìní mú, tó fi omi là á títí tó fi di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní kí èmi náà gbìyànjú. Mo di búrọ́ọ̀ṣì mú bí ẹni di ọkọ́ mú. Omi mi pọ̀ jù, òdòdó mi di adágún.

Mo wá bi í pé kí ló kọ sábẹ́ àwòrán kùkùté náà. Ó kà á fún mi: “Màmá bẹ́ ẹ lórí, ṣùgbọ́n wọn ò fa gbòǹgbò rẹ̀.”

Àwọn ìdílé mìíràn tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé máa ń wá wo ìwé àwòrán àwọn ọmọ ara wọn. Gbogbo wọn ló ti ka iṣẹ́ ọ̀lẹ mi. Mẹ́ta nínú wọn sì ti ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá ro ọgbà wọn. Bí mo bá dé ọ̀hún, n kì í béèrè ibi tí koríko wà mọ́. Ọmọ ilé ni mo máa ń kọ́kọ́ pè, pé, “Wá fi èyí tí ò ń yà hàn mí.”