Ìwé Tí Mo Kọ sí Níkì

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èdè wo ni mo gbọ́ jù, inú máa ń bí mi títí dòní. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá mi, ọmọ Ìlọrin ni ìyá mi, ṣùgbọ́n Dilimi ní Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí. Yorùbá là ń sọ nínú ilé. Bí mo bá ti fẹsẹ̀ kan ìta, ó di Haúsá nìyẹn. Màá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, màá parí ẹ̀ ní Haúsá, ìyá mi á sì ní, "Tóò, ọmọ Gàmbàrí, mo ti gbọ́." Wọn á fi mí rẹ́rìn-ín, èmi á fajú ro. Lójú tèmi, kò sí Yorùbá tí mi ò gbọ́.

Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ìyá kan náà. Ọkùnrin Bàrùbá kan tó ń ta màlúù ló fẹ́ ẹ, tó sì mú un lọ sí Níkì, ní orílẹ̀-èdè Dàhọ̀mì, tí ẹnu gbogbo ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti pè ní Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà. Ìyá Níkì là ń pè é. Èmi ò rí i rí. Ìyá mi gan-an ò fojú kàn án láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òun náà níyàwó wá sí Jọ́ọ̀sì, ó sì ti lé ní ogún ọdún.

Ohun tí mo mọ̀ nípa Níkì ni ọdún Gàání. Ìyá mi máa ń sọ ọ́ bó bá ń wọn epo ẹ̀pà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Laranto. Ó ní lóṣù Móólúdù, gbogbo Bàrùbá a máa wọ́ lọ síbẹ̀ láti ibi gbogbo, wọn á wọ ẹṣin láṣọ ju ìyàwó lọ, wọn á fọn kàkàkí, wọn á fá orí àwọn ọmọ ọba. Mo máa ń lá àlá ẹṣin wọ̀nyẹn. Kí n má purọ́, ẹṣin ni mo fẹ́ rí. Mi ò ronú kan Ìyá Níkì rárá.

Ọdún kẹta tí bàbá mi kú ni oníṣòwò kan dé láti ọ̀hún pẹ̀lú iṣẹ́ tí Ìyá Níkì rán an. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ìkejì sì ń lọ. Dókítà ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Ó ní, "Kí àbúrò mi wá bá mi ṣe Gàání. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi."

Ìyá mi sunkún títí. Ìgbà tó nu ojú, ó pè mí pé kí n mú bírò wá, nítorí èmi nìkan ló lọ sílé ìwé nínú ilé wa. Haúsá la ní láti kọ, torí télọ̀ Haúsá kan ní àdúgbò wọn ni í máa ka ìwé fún Ìyá Níkì. Ìyá mi wí, ó tún un wí: "Sọ fún un pé kó máa retí mi lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sóhun tó máa dá mi dúró. Ọdún tó ń bọ̀, dandan ni."

Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga: *za mu zo badi*.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa ti mọ ohun tí mo ṣe. Gàání ku oṣù mẹ́ta péré. Ọdún tí ìyá mi ń wí, ọdún tí a ń ṣe ni, tí à ń pa ẹran sí, tí à ń wọṣọ sí. Ọdún tí èmi gbọ́, ọdún olóṣù méjìlá ni. Ní Haúsá, ọ̀tọ̀ ni *salla* tí à ń ṣe, ọ̀tọ̀ ni *shekara* olóṣù méjìlá. Kò sẹ́ni tó lè ṣi ọ̀kan gbé fún èkejì. *Badi* tí mo kọ, ẹ̀yìn ọdún kan gbáko ni. Mo lẹ ìwé náà pa, mo lọ fún oníṣòwò náà ní Tina Junction níbi tó ti fẹ́ wọ mọ́tò.

Nígbà tí Gàání ku ọ̀sẹ̀ kan, mo dé láti ilé ìwé, mo bá ìyá mi tó ń di ẹrù. Ó ti ra obì, ó ti ra pòtétò Jọ́ọ̀sì sínú àpò. Ó ní, "Múra. A ń lọ bá Ìyá Níkì ṣọdún."

Mo rántí ìwé náà. Mo rò pé bóyá ìyá mi ló yí ọkàn padà, pé ó fa ìrìn àjò náà sún mọ́. Mo tún rò pé bí mo bá ní, "Ìyá, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé o," á ní ká kọ òmíràn ná, Gàání á sì kọjá lọ. Mo pa ẹnu mi mọ́ nítorí ẹṣin. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èyí lẹ́nu mi rí títí dòní.

A wọ rélùwéè dé Ìlọrin, a wọ lọ́rì dé Kosubosu lẹ́bàá ibodè, a sọdá. Ọjọ́ tó ṣáájú ọdún la wọ Níkì, eruku ẹṣin ti bo ìlú. Ẹnu mi ò padé. Ìyá mi ń sáré níwájú, ó ń béèrè ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká.

Ìyálé Ìyá Níkì ló jáde sí wa. Kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí a sọ ẹni tí a jẹ́, ó ká ọwọ́ lé orí. "*Subhanallahi! Ai, kun ce sai badi!*" Ẹ sọ pé ó di ọdún mìíràn! Ó ní Ìyá Níkì sunkún nígbà tí wọ́n ka ìwé náà, tó sì ní ojú òun ò ní dúró de *badi*. Ó ti bá àwọn olóbì kan lọ sí Jọ́ọ̀sì láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, láti wá rí ìyá mi.

Ìyá mi yíjú sí mi. "Kí lo kọ?"

"Ohun tí ẹ wí ni. Ẹ ní ọdún tó ń bọ̀."

"Ọdún! Ọdún ni mo wí! Háà, ọmọ yìí, ọdún!"

Àfi bíi pé kó máa pe ọ̀rọ̀ náà títí yóò fi yé mi. Ó sì ti yé mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójúde náà, ẹṣin ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, kò wo ọ̀kankan.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ la gbéra padà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun á máa dúró. Ìgbà tí a dé Jọ́ọ̀sì, ó ti lọ. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi jókòó síwájú ilẹ̀kùn wa tó wà ní títì, àwọn aládùúgbò ń gbé oúnjẹ fún un. Ìgbà tí àwọn olóbì náà fẹ́ padà, kò lè dá rìn pẹ̀lú ojú yẹn, ó bá wọn lọ. A pàdé ara wa lọ́nà nígbà méjì láìmọ̀. Ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn láti ọjọ́ náà, oṣù púpọ̀ ló lò kó tó dìde.

Ìgbà tí a máa fi dé Níkì, *badi* tí mo kọ ló pé.

Ìyá Níkì jókòó lórí ẹní. Ojú méjèèjì ti lọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ìyá mi kúnlẹ̀ sáàárín wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ìka tọ ojú rẹ̀ wò, iwájú orí, imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní, "Mo ríran nígbà tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Bàtà rẹ nìkan ni mo rí. Ta ló kọ ìwé yẹn?"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ìyá mi ní, "Èmi ni mo ṣì í sọ, Ìyá. Ẹ má bínú."

Ìyá Níkì fọwọ́ lu ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pè mí. "Ìwọ ọmọ, o ríran. Sọ fún mi bí àbúrò mi ṣe rí báyìí."

Mo ní ó pupa. Mo ní irun rẹ̀ ti funfun létí. Mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo lè fi sọ ìyókù, bí ojú rẹ̀ ṣe wọnú, bí àìsàn ṣe jẹ ẹ́, mi ò rí i. Haúsá ló ń sáré wá sẹ́nu mi, mo sì gbé e mì.

"Ó tán?"

Ìyá mi wò mí. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ wọ ọrùn, kò jẹ́ kí mímí rẹ̀ dún. Ó mi orí sí mi pé kí n má sọ.

Mo ní, "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Ìyá."