Ohùn Joòjì Nínú Kùrukùru

Ọjọ́ tí wọ́n bá ọkọ̀ Sùnmọ́nù apẹja tó dojú dé lórí ọ̀sà, tí a kò sì rí Sùnmọ́nù fúnra rẹ̀, ni ayé tí a mọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ parí. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó pa á. Ó lè jẹ́ ìjì. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwa àti àwọn ará abúlé òdìkejì ti ń jà sí ibi tí a máa ń ri ẹ̀ka igi sí, kí ẹja lè kó síbẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ẹnu ti ní àwọn ará òdìkejì ló pa á. Àwọn náà ní àwa la rán Sùnmọ́nù wá wú igi wọn.

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá pè é ní ogun. Lóòótọ́, kò sí sójà níbẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà ni, àti àdá, àti iná lórí òrùlé. Tí ìbọn bá dún lórí omi, ìró rẹ̀ á máa yí ká, a kò ní mọ apá ibi tó yẹ ká sá sí. Àwọn ọkùnrin ò lè lọ dẹ àwọ̀n mọ́. Ní Ẹ̀pẹ́, ilé ẹja, gààrì lásán la ń mu. Oyún ìyá yín wà nínú mi, òòyì sì máa ń kọ́ mi tí mo bá dìde.

Fẹlísíà, ìyàwó Joòjì, abúlé òdìkejì ló ń gbé. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, láti etí òkun. Kí ìjà tó dé, ààrò kan náà lèmi àti ẹ̀ fi ń yan ẹja. Lọ́jọ́ kan ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó gbé àrọ̀ yíyan kan tó fi ewé wé fún mi.

"Ràbí, ṣé ọmọ inú ẹ náà ń gbààwẹ̀ ni?" ó ní. "Gbà, jẹ."

Kò tíì pẹ́ tó lọ tí Lásísì, ọkọ mi, wọlé bá mi. Ó gbóòórùn ẹja náà, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ta ló fún ẹ?"

"Fẹlísíà ni."

"Ṣé ó jẹ níbẹ̀ lójú ẹ?"

"Rárá."

Ó jù ú síná. Mo jókòó ti iná náà títí òórùn ẹja fi tán.

Nígbà tí wọ́n sun ilé tó kángun sí tiwa, Lásísì ní òun máa gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìkòròdú, kí n lọ bímọ síbẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni. Kùrukùru bo ọ̀sà débi pé mi ò rí imú ọkọ̀ tí mo wà nínú ẹ̀.

Nínú kùrukùru, tí ẹ bá gbọ́ ìró àjẹ̀ ẹlòmíì, ẹ máa kí i. Òun náà á fèsì, á sọ ọwọ́ tó ń gbà, kí ọkọ̀ má baà kọ lu ọkọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ì báà máa bínú síra yín, ẹ máa fèsì ni. Ìjà yẹn ló kọ́ wa láti máa dákẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fèsì ti júwe ara rẹ̀ fún oníbọn.

Ilẹ̀ ti mọ́, a ti ń sún mọ́ apá Àgbówà, nígbà tí mo gbọ́ ìró àjẹ̀.

"Ẹ kú omi o. Ta ló ń bọ̀ yẹn?"

Mo ní, "Joòjì nìyẹn." Lásísì fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Ẹni tó ń bọ̀, ẹ fèsì," Joòjì tún pè. "Igi gẹdú ti tú níwájú yín o. Ẹ yà sósì."

Lásísì sọ ọ́ sí mi létí: "Òsì tó ní ká yà sí yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n lúgọ sí."

"Tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

"Ìgbà wo ni Joòjì fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀?"

Ó darí ọkọ̀ sí ọ̀tún.

Àwọn onígẹdú máa ń so ìtì igi pọ̀, wọ́n á jẹ́ kó léfòó lọ sí Èkó. Okùn èyí ti já. Mi ò rí i kó tó kàn wá. Mo gbọ́ ìró kan bíi ti ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n tì, omi sì ti wọ imú mi. Nígbà tí mo fẹ́ yọrí, igi ló wà lókè. Mo ń fọwọ́ wá àlàfo, mi ò rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka kálímà nínú ọkàn mi. Ìgbà náà ni ọwọ́ kan gbá aṣọ ìró mi mú.

Joòjì ló fà mí sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó padà bẹ́ sómi, ó tún bẹ́, títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde nímú rẹ̀. A kò rí Lásísì. Títí dòní, a kò rí òkú rẹ̀ sin.

"Mo pè yín," ni Joòjì ń wí ṣáá. "Àbí ẹ ò gbọ́ mi ni?"

Ó wà mí dé ọ̀dọ̀ ìyá mi.

Gàníyù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wá bá mi ní Ìkòròdú.

"Báwo ni Joòjì ṣe rí ìwọ, tí kò rí Lásísì?"

"Ó pè wá, bọ̀dá. Ó pè wá, ó tún pè wá."

"Ta wá ló tú igi náà?"

Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Kí n tó bímọ, ìbọn ti dákẹ́. Àwọn èèyàn padà sórí omi, ṣùgbọ́n wọn kì í kí ara wọn.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ìyá yín, Fẹlísíà wọlé. Ó gbé àrọ̀ yíyan kan sórí ẹní, ewé ló fi wé e, bíi ti ìjọ́sí.

Gàníyù ní, "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Fẹlísíà kò bá a jiyàn. Ó nawọ́ kó lè kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú wọn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èmi ni mo bù ú. Wọ́n ń wò mí lẹ́nu bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ dé egungun, mo nu ọwọ́, mo sì fi ọyàn sí ìyá yín lẹ́nu.