Katakata Kò Mọ Àna

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Yẹ̀kínnì ṣe fẹ́ràn òfin tó, kí ó gbìyànjú láti jókòó sórí ìbòrí táyà katakata rẹ̀. Òun ni dírẹ́bà agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kó ẹrẹ̀ inú kánààlì ní Muṣin lọ́dún 1988. Bèbè kánààlì náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òrùlé, Yẹ̀kínnì kì í sì í sáré níbẹ̀. Jíà kìíní ló fi ń gùn ún, tààrà ló ń gùn ún, kì í yí ọkọ̀ ní ìbú bèbè, kì í sì í gbé ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Sylvester, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀, fìdí lé ìbòrí táyà ẹ̀yìn.

"Bọ́ sílẹ̀! Ṣé bẹ́ǹṣì ìyá ẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, òkè níbí náà ni mò ń lọ."

"Fẹsẹ̀ rìn ín. Bí táyà yìí bá gùn ẹ́, ṣọ́bìrì ẹ la máa fi kó ẹ!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Sylvester sọ̀ kalẹ̀, ojú tì í.

Kò pẹ́ tí bàbá Sìmíátù, ìyàwó Yẹ̀kínnì, fi gba ìsàlẹ̀ kánààlì dé pẹ̀lú ìdì aṣọ lábẹ́ apá. Télọ̀ ni bàbá náà. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ oníbàárà sì kún ọwọ́ rẹ̀. Yẹ̀kínnì bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ọkọ Sìmíátù, orúnkún ò jẹ́ kí n lè gun bèbè yìí. Jẹ́ n jókòó síbí, kó o gbé mi dókè."

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun Yẹ̀kínnì, ó sì gbé e mì. Ta ni yóò sọ fún ẹni tó fún un láya pé kó bọ́ sílẹ̀?

"Ẹ di irin yìí mú dáadáa, Bàbá."

Sylvester fara ti ṣọ́bìrì. "Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ǹṣì ìyá ta wá ni o?"

Yẹ̀kínnì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Wọ́n gun bèbè dé àárín. Ẹrẹ̀ inú tírélà tí wọ́n ń fà lẹ́yìn wúwo, ó fa ọkọ̀ sẹ́yìn, táyà iwájú sì gbéra nílẹ̀ díẹ̀. Yẹ̀kínnì dẹ epo, táyà náà balẹ̀ gbì! Aṣọ oníbàárà ni Bàbá dì mú, kì í ṣe irin. Ó já bọ́. Táyà ẹ̀yìn gun etí bùbá rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Sylvester ló ju ṣọ́bìrì nù, tó sì sáré fà á yọ. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí Bàbá fi ń di àlùmọ́gàjí mú, ti kán.

Fóòmánù dé, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Èmi ni mo yọ̀ lórí ẹrẹ̀," ni Bàbá dáhùn. "Ọmọ yìí ò tilẹ̀ rí mi."

Ojú ẹsẹ̀ táyà wà lára bùbá rẹ̀ gbàgàdà. Yẹ̀kínnì wò ó, kò sọ̀rọ̀. Sylvester wo Yẹ̀kínnì, òun náà kò sọ̀rọ̀. Ì bá bú u, ì bá sàn.

Iléyá dé, ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá kò dún. Ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò ló wọ aṣọ èṣí lọ kírun.

"Bàbá mi ò ní yé rìn lórí ẹrẹ̀," ni Sìmíátù wí bó ṣe ń gbé ẹran fún ọkọ rẹ̀. Yẹ̀kínnì ti ẹran náà sẹ́yìn. Ó sọ òtítọ́ fún un.

Sìmíátù gbé ẹran náà kúrò níwájú rẹ̀. "Ṣebí o lé Sylvester."

Lẹ́yìn Iléyá, Yẹ̀kínnì sọ òtítọ́ náà fún fóòmánù, ó sì ní kí wẹ́dà jó irin ṣóńṣó ṣóńṣó mọ́ ìbòrí táyà méjèèjì.

Bàbá tún gba ibẹ̀ kọjá, ó fi aṣọ gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn. Ó fi ọwọ́ òsì kan àwọn irin náà.

"Ṣé èmi lo ṣe èyí dè?"

Yẹ̀kínnì ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹnu mi ni n ò gbẹ́kẹ̀ lé mọ́."

Bàbá kọjú sí bèbè. Sylvester wá fi èjìká fún un, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun bèbè díẹ̀díẹ̀. Yẹ̀kínnì pa ọkọ̀, ó dúró nínú ẹrẹ̀, ó dorí kodò títí wọ́n fi dókè.