Ìdérí Mínírà Bàbá Àgbà

Fóònù mi ló ń bá mi ka eré bọ́ọ̀lù tí mo bá lọ wò báyìí. Ṣùgbọ́n tí ìdérí mínírà bá já bọ́ ní pápá, tó dún ṣín-ín lórí sìmẹ́ńtì, Bàbá àgbà ni mo máa ń rántí.

Eré tí Bàbá bá lọ wò, ìdérí mínírà tó mu níbẹ̀ ni yóò mú bọ̀ wálé ní Bẹyẹrunka. Yóò fi ìṣó dá a lu, yóò sín in mọ́ okùn tó so kọ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, okùn náà á máa pariwo bí èrò pápá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká mi títí a fi dé pápá. Iyọ̀ ẹ̀pà kún ètè mi.

“Àbẹ̀kẹ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀?”

“Bàbá, agbábọ́ọ̀lù wa ti já ẹnì kan sílẹ̀! Ó tún ti já èkejì! Ẹ dìde, ó fẹ́ gbá a!”

“Ó wọlé?”

“Ó wọlé!”

Bàbá fò sókè, ó dì mọ́ ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbágbáágbá. “A ti nà wọ́n!”

Aṣọ àwọn tí a nà gan-an lọkùnrin náà wọ̀! Ó fẹ́ bínú, ó wo ojú Bàbá, ó rọra ní, “Ẹ kú oríire, Bàbá.” Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ lẹ́nu ìyá mi pé ojú Bàbá ti fọ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí a délé, èmi ni mo sín ìdérí mínírà tí Bàbá mu ní pápá mọ́ okùn. Bàbá di okùn náà mú, ó mì í jìgìjìgì, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Àbẹ̀kẹ́, nínú gbogbo eré tí mo ti wò, tòní ni mo rí dáadáa jù.”