Ẹ Ti Pa Mí, Sà!

"Ẹ ti pa mí, sà!" Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń kígbe nìyẹn ní kílọ́ọ̀bù àwọn ọ̀gá ìjọba, nígbà tí Ìlọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú ìlú ìpínlẹ̀. Tẹ́níìsì tó ń bá wọn gbá ló fi ń jẹun. Kò sí ọ̀gá tí kò lè fi ọwọ́ òsì nà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí wọ́n borí. "A kì í na ẹni tó ń bọ́ni," ló máa ń sọ fún mi nílé wa ní Gàmbàrí, bó ti ń nu ràkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ọdọọdún ló ń lọ díje l'Ékòó, ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti ń lé e wálé. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Bọ́ọ̀lù tí ì bá fi borí rọra fò wá síwájú rẹ̀. Ó dá a padà jẹ́jẹ́ fún ẹni tó ń bá díje, bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún ọ̀gá. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ọ̀nà míì mọ́.

Nígbà tá a padà dé Ìlọrin, ọ̀gá kan tí ikùn kì í jẹ́ kó sáré bú sẹ́rìn-ín ní kílọ́ọ̀bù: "Kí ló fẹ́ lọ ṣe l'Ékòó? Èmi gan-an ń nà án!"

Mo wojú ẹ̀gbọ́n mi, kó sáà fèsì.

Ó tẹrí ba. "Òótọ́ ni, sà."